Birmingham ló kọ́kọ́ ṣe é, kì í ṣe Shanghai

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé ọkọ̀ Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ọkọ̀ olóòfà (maglev, ọkọ̀ tí agbára òòfà ń gbé sókè kúrò lára irin) àkọ́kọ́ láyé tó ń gbé èrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1984 ni ti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti pápákọ̀ òfurufú sí ibùdókọ̀ rélùwéè ló ń lọ, nǹkan bíi mítà 600 péré. Agbára òòfà ló ń gbé e kúrò lára irin, àlàfo náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 15 lọ. Ọdún 1995 ni wọ́n dá a dúró, nítorí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti di èyí tó ṣòro láti rí rà.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni eré sísá. Ti Shanghai ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó yára jù yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ọkọ̀ tó wà ní Birmingham báyìí kì í ṣe ọkọ̀ olóòfà àtijọ́ yẹn o: okùn wáyà ló ń fa eléyìí, láti 2003.

Ti Birmingham ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1984; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti Shanghai dé. Ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ti Birmingham náà ṣì wà ní Railworld, ibi ìṣàfihàn ọkọ̀ rélùwéè kan ní Peterborough, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.