Ta ló ní pásì àgbàlagbà ò lè wọ réluwéè?

Gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ bá ti débi pé kí wọ́n jẹ́ káwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa fi pásì bọ́ọ̀sì wọn, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ réluwéè tó ń ná àdúgbò, ẹnìkan á ṣáà yọjú pé kò ṣeé ṣe, pé bọ́ọ̀sì yàtọ̀ réluwéè yàtọ̀, pé ọjọ́ tí wọ́n bá dán an wò làwọn àgbà á kún inú ọkọ̀ dẹ́nu, òṣìṣẹ́ ò ní ríbi jókòó, ìjọba á sì jẹ gbèsè. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, London ni wọ́n ń gbé, ìyá àgbà tó jókòó tì wọ́n nínú réluwéè ò san kọ́bọ̀!

Freedom Pass, pásì àwọn àgbàlagbà London, ti wà láti 1973 o. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, nínú Tube (réluwéè abẹ́ ilẹ̀), nínú réluwéè Overground, àti nínú ọ̀pọ̀ réluwéè míì tó ń ná inú ìlú yẹn tí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ bá ti kọjá. Wọ́n á ní London lówó, ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúrò ní London. Ní Liverpool àti agbègbè ẹ̀, ẹni tó bá ti pé 60 ọdún ń gun bọ́ọ̀sì, ó ń gun réluwéè, títí dórí ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Mersey, gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Birmingham, Wolverhampton, Coventry, pásì tiwọn náà gba réluwéè àti tíráàmù. Northern Ireland ńkọ́? Bọ́ọ̀sì àti réluwéè pa pọ̀, láti 60 ọdún. Ẹ wá sọdá bọ́dà sí Ireland, 1967 ni Charles Haughey tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó wọn nígbà yẹn gbé ìrìnàjò ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fáwọn tó ń gba pẹ́ńṣọ̀n, réluwéè sì wà nínú ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, réluwéè wọn ṣì ń rìn.

Òfin ni ò dárúkọ réluwéè, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tó ní kí pásì yìí ṣiṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Concessionary Bus Travel Act 2007, ẹ sì rí i pé bọ́ọ̀sì ló wà lórúkọ ẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ kìíní oṣù April 2008, ẹni tó bá ní pásì lè wọ bọ́ọ̀sì àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ níbikíbi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ dé mọ́kànlá alẹ́, Monday sí Friday, àti tọ̀sántòru lópin ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo ìlú. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tó bá wù láti fi réluwéè kún un lè fi kún un, kò séèwọ̀, àmọ́ àpò ara ẹ̀ ló máa ti yọ owó yẹn.

Ẹ wo ohun tíyẹn wá bí. Tí ẹ bá wọ réluwéè ní Rugby tẹ́ ẹ kọrí sí Birmingham, kò pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa dé Coventry. Ẹ fi bàbá méjì síbẹ̀, ẹni 70 ọdún làwọn méjèèjì, ọ̀kan ń gbé ní Coventry, èkejì ní Rugby, káàdì àwọn méjèèjì sì ní àmì òdòdó rose yẹn lára. Bàbá Coventry á kàn fi káàdì han òṣìṣẹ́ ibi géètì, á bá réluwéè lọ Birmingham. Bàbá Rugby tó fẹ́ lọ kí ọmọ ẹ̀ ní Coventry á sanwó réluwéè, tàbí kó lọ dúró de bọ́ọ̀sì tó ń dúró níbi gbogbo tó bá ti rí òpó. Coventry wà lábẹ́ West Midlands tó fi réluwéè kún pásì, Rugby wà lábẹ́ Warwickshire tí ò fi kún un, ó parí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣirò. Wọ́n á mú iye tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi sọ iye àgbàlagbà tó wà nílùú di púpọ̀, wọ́n á wá figbe ta. Bọ́ọ̀sì gan-an kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Tí màmá kan bá fi pásì wọ bọ́ọ̀sì, kì í ṣe iye tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ni káńsù ń san fún oníbọ́ọ̀sì. Ìlànà ibẹ̀ ni pé pásì ò gbọdọ̀ jẹ́ kí oníbọ́ọ̀sì jèrè, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó pàdánù, torí náà wọ́n á kọ́kọ́ wò ó pé nínú àwọn tó fi pásì wọlé yìí, mélòó ni ì bá ṣì wọkọ̀ ká ní wọ́n máa sanwó? Àwọn yẹn ni wọ́n máa ka owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló gbé e jáde nílé, owó wo ni oníbọ́ọ̀sì fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìnáwó tí ẹni yẹn bá fi kún ti ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣírò fún un. Ìṣirò kan náà ṣeé ṣe fún réluwéè. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń sanwó réluwéè báyìí ló ní Senior Railcard, tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò, kì í ṣe odindi owó ọkọ̀ la máa pàdánù lórí wọn. (Railcard yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, £35 lọ́dún ni, mo ń sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé àwọn kan rò pé òun náà ni pásì.)

Àmọ́ àwa tá a fẹ́ ẹ náà, ká yéé sọ pé kò ní ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan torí pé ọkọ̀ á kúkú rìn. Ẹni tó ń sanwó lánàá tí ò sì ní san mọ́ lọ́la, owó gidi nìyẹn. Kíka iye àwọn tó fi pásì wọ réluwéè náà ò rọrùn. Nínú bọ́ọ̀sì, dẹ́rẹ́bà ń wò ẹ́, o fi káàdì kan ẹ̀rọ, ó ké pì, wọ́n ti kà ẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ réluwéè kéékèèké ò ní géètì, kò séèyàn níbẹ̀, ta ló fẹ́ mọ iye àgbàlagbà tó wọlé?

Ní ti pé wọ́n á gba àyè mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tí pásì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti yanjú ìyẹn. Wales tiẹ̀ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, lójú ọ̀nà réluwéè Heart of Wales, October sí March ni wọ́n fi káàdì bọ́ọ̀sì gbé àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti lọ tí àga ti ṣófo. Greater Manchester ní tiwọn ní kí wọ́n san £10 lọ́dún kí pásì lè gba tíráàmù àti réluwéè. West Yorkshire, ìdajì owó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní South Yorkshire. Àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àìlera ń gun réluwéè lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe di 2014 tí owó wọ́n, wọ́n gé e kúrò. Àwọn àgbà Barnsley àti Sheffield fárígá, wọ́n ń wọ réluwéè láì ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n pe ara wọn ní Freedom Riders, ọlọ́pàá tiẹ̀ mú èèyàn méjì nínú ibùdókọ̀ Sheffield. Wọ́n dá díẹ̀ padà fáwọn tó ní àìlera, àwọn àgbàlagbà bọ́ sórí ìdajì owó. Bọ́ọ̀sì wọn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án, torí òfin 2007 wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá kúkú gba ìdajì owó réluwéè tó wà nínú òfin fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ju ọ̀fẹ́ tí káńsù lè gbà padà lọ́dún tọ́wọ́ ẹ̀ bá há.