Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó fi ọ̀wọ̀ béèrè ìgbà tí a máa dìbò. Alága wa, tó ti wà lórí àga láti ọdún 2009, kò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó rọra fa báàgì tí òǹtẹ̀ àti ìwé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ sábẹ́ itan. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ṣebí ọdún 37 ni Mugabe lò lórí àga ní Zimbabwe? Akọni ni!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Inú bí mi débi pé n kò fọwọ́ kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n pín.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ tó dúró ti àgbà títí, tí kò rí òkèlè kan nísàlẹ̀ àwo, kí ni yóò torí rẹ̀ gbé igbá? Nígbà tí alága sì ti fẹnu ara wọn dárúkọ Mugabe, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà dé ìdí.

Akọni ni lóòótọ́, n kò jiyàn. Tísà ni, ọmọ abúlé Kutama, tó ṣiṣẹ́ tísà dé Gánà, níbi tó ti pàdé Sally, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ní Rhodesia, orúkọ tí Zimbabwe ń jẹ́ nígbà náà, tì í mọ́lé fún bí ọdún 10. Ẹ̀wọ̀n yẹn ló wà tí ọmọkùnrin wọn fi kú ní Gánà lọ́dún 1966. Wọn kò jẹ́ kó lọ sin ọmọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí irú èyí, tó tún jókòó bá àwọn ọ̀tá sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1979, tó di olórí ìjọba ní oṣù Kẹrin 1980, tó sì ní kí dúdú àti funfun jọ máa gbé, àyà rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ kò pẹ́ rárá. Láti ọdún 1983 làwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń pa ará Matabeleland, lápá ìwọ̀ oòrùn Zimbabwe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn tó ń pè é ní akọni kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ibẹ̀ sétí. Nígbà tí ọdún 1987 ń parí lọ, wọ́n pa ipò olórí ìjọba rẹ́, ó di ààrẹ tí gbogbo àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Obìnrin ọmọ Zimbabwe kan, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fún mi ní bébà owó kan. Òkúta ńláńlá tó gun orí ara wọn ló wà lára rẹ̀. Mo fi ìka ka òdo tó wà níbẹ̀, ó pé 14: 100 trílíọ̀nù dọ́là! Ó ní ìyá òun fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tísà, ìgbà tí owó ìfẹ̀yìntì dé, kò ra búrẹ́dì. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ọdún 2009 ni owó náà jáde, ọdún tí alága wa gorí àga.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, bàbá ẹni ọdún 91 dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ka ọ̀rọ̀ tó ti kà fún wọn lóṣù tó ṣáájú, kò sì dánu dúró títí ó fi kà á tán. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó lé Mnangagwa, igbákejì rẹ̀, tó ti ń bá a ru igbá látìgbà ogun, wọ́n ní torí kí Grace ìyàwó rẹ̀ lè rí ìyókù jẹ ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, sójà jáde. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ yọ ọ́ nípò olórí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó bọ́ sórí tẹlifíṣàn, gbogbo ayé ń retí "mo ti lọ", ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́. Ìgbà táwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lọ́jọ́ 21 oṣù Kọkànlá ni lẹ́tà dé. Àwọn ará Harare jó ní títì. Lọ́dún 2019, ilé ìwòsàn ní Singapore ló kú sí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ délé tán, ìjọba àti ẹbí tún ń fa ibi tí wọn yóò sin ín sí mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Nyerere, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tanzania, ńkọ́? Òun náà tísà ni. Ó fi àga sílẹ̀ lọ́dún 1985 láìsí pé sójà kankan kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tó pàtẹ́wọ́ ní Sátidé, ẹ̀yin lẹ̀bi yín pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bu oúnjẹ sáwo fún wọn, tí ẹ tún ń fọ ọwọ́ wọn. Ẹ̀rù kí ló ń bà yín? Ìwé ìdámọ̀ràn mélòó lẹ ti kọ, tí ẹ fà ya?

Alága, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, mo sì ń kí yín lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé báàgì yẹn sórí tábìlì. Tiransifọ́mà tó jó láti oṣù Kejì ṣì wà bẹ́ẹ̀, owó tí a dá fún un sì wà nínú ìwé tí ẹ jókòó lé. Ìpàdé tó ń bọ̀, n ó tètè dé. Iwájú yín gan-an ni n ó jókòó sí.