Ẹyin tẹ́ ẹ fọ̀ kó lè pẹ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé bí kíréètì ẹyin bá ti wọlé báyìí, omi ọṣẹ àti kànìnkànìn ló kàn, ká fọ ìgbẹ́ adìẹ kúrò lára ẹ̀ ká tó kó o pamọ́, wọ́n ní á pẹ́ dáadáa. Èmi náà ṣe é rí. Mo fọ gbogbo ọgbọ̀n ẹyin, ó ń dán gbinrin, mo tò ó padà sí kíréètì mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fẹ́ dín méjì, kí n fọ́ àkọ́kọ́ létí abọ́ báyìí, pàù! Òbu. Ìyàwó mi ní kí n jáde ní kíṣìnnì òun.

Ṣẹ́ ẹ rí i, èèpo ẹyin ò dí pa. Ihò wínníwínní tójú ò lè rí ló kún ara ẹ̀, lára ẹyin kan ṣoṣo o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Adìẹ fúnra ẹ̀ ló ti fi nǹkan tín-ín-rín kan bò ó kó tó yé e, ìyẹn ló máa ń gbẹ mọ́ ọn lára tó ń dí àwọn ihò yẹn. Òun gan-an lẹ fi kànìnkànìn ha dànù. Tí omi yẹn bá tún wá tutù ju ẹyin lọ, inú ẹyin á súnkì, á máa fa omi ìdọ̀tí wọlé, ìgbẹ́ tẹ́ ẹ ń sá fún níta ti wọnú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní wọ́n ń fọ̀ ọ́ l'Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, omi tó gbóná ju ẹyin lọ ni wọ́n ń lò, wọ́n á gbẹ ẹ́, inú òtútù ló sì ń wà títí dé firíìjì oníbàárà. Ẹ̀yin, iná tiyín ńkọ́?

Àwọn tó ń fi òróró pa á lára ò ṣì í ṣe o, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ó ń dí ihò, omi inú ẹyin ò ní tètè gbẹ, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó wà nínú ẹ̀ náà ò ní tètè sá lọ, torí tí ìyẹn bá ti lọ ni funfun ẹyin ṣe máa ń tú ká bí omi lórí àwo tí pupa ẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ ọjọ́ tí adìẹ yé e tàbí ọjọ́ kejì ló yẹ kẹ́ ẹ pa á, èyí tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ìsọ̀ ìyá ẹléyin, òróró yín lẹ kàn ń fi ṣòfò. Kì í sì í pa kòkòrò àrùn tó ti wà níbẹ̀. Kódà ẹyin tẹ́ ẹ ti fi òróró pa, ẹ má gbọ́kàn lé kẹ́ ẹ jù ú sómi wò bóyá á léfòó, torí afẹ́fẹ́ tó ń wọnú ẹ̀ bó ṣe ń gbẹ ló ń mú un léfòó, ẹ sì ti dí ọ̀nà yẹn.

Èyí tó bá dọ̀tí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dandan ni, ẹ dúró kí òróró ti wà lórí iná.