Ta ló sọ pé ilé onígi kì í tọ́jọ́?

Ẹnìkan tún ti gbé e dé lánàá, pé ilé tí wọn ò bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́, àgọ́ ni, kò ní pẹ́ wó, àwọn èèyàn sì ń bá a patẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi jàre.

Tẹ́ḿpìlì Hōryū-ji ní Japan, igi ni, ó ti tó 1,300 ọdún tó ti wà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó máa ń mì tìtì o. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́, igi ló wà nínú ògiri èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tuntun tí ìdílé kan ń gbé, bíríkì tẹ́ ẹ ń rí níta yẹn, ẹ̀wù lásán ni, òun kọ́ ló gbé òrùlé dúró.

Omi ló ń ba igi jẹ́. Igi tí omi ara ẹ̀ ò bá tó 20 nínú 100 kì í jẹrà. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, mo ti tú ògiri ilé onígi tó ti gbó dáadáa rí, òpó inú ẹ̀ le koko, ìṣó gan-an ò fẹ́ jáde, àfi abẹ́ wíńdò kan báyìí tó ti rà débi pé ìka mi wọlé ṣòòrò, torí ẹni tó fi wíńdò yẹn síbẹ̀ ò dí etí ẹ̀, gbogbo òjò ń gbabẹ̀ wọlé. Ṣé igi ló jẹ̀bi ìyẹn? Mo sì ti rí ilé búlọ́ọ̀kù tí omi ń fà látinú ìpìlẹ̀ gun ògiri, pẹ́ńtì ń bó, tẹ́ ẹ bá fi èékánná họ ọ́ á máa dà sílẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ pe búlọ́ọ̀kù ní àgọ́.

Iná ńkọ́? Igi ń jó, ta ló jiyàn. Àmọ́ àga, kọ́tìnnì àti bẹ́ẹ̀dì sábà máa ń gbiná ṣáájú ògiri, ilé búlọ́ọ̀kù náà sì ní gbogbo ẹ̀, tó fi mọ́ igi òrùlé. Gypsum board, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ohun tó dà bí ẹfun ṣe, tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri onígi, ló ń dá iná dúró kó má tètè dé ara òpó.

Ti ikán, ó dáa, mo gbà, níbi tó bá pọ̀ sí, ẹ lo igi tí wọ́n ti fi oògùn sí, kẹ́ ẹ sì gbé e sókè kúrò nílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ búlọ́ọ̀kù, kó lọ kọ́ ọ, àmọ́ kó bi bíríkìlà ẹ̀ léèrè ohun tó tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ tí omi ò fi ní gun ògiri.