Ẹni Tó Na Ẹni Tó Nà Ọ́ Lè Má Lè Nà Ọ́

Níbi táwọn olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé orí ìjà tí kò wáyé rí. Ta ni ì bá na èkejì: Ali ni àbí Mike Tyson? Joe Louis ni àbí Foreman? Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn yìí gan-an, mo sì máa ń dá sí i. Ohun tí mi ò lè gbà mọ́ ni ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú wá: Lágbájá na Tàmẹ̀dò, Tàmẹ̀dò na Làkáṣègbè, nítorí náà Lágbájá á na Làkáṣègbè dandan. Ó dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Muhammad Ali. Joe Frazier nà án ní New York lọ́dún 1971. Ken Norton náà nà án ní San Diego lóṣù Kẹta ọdún 1973, ó tún fọ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀. George Foreman wá gbé Frazier yìí kan náà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín abala (ráúńdù) méjì ní Kingston, ní Jàmáíkà. Lọ́dún 1974 ó bá Norton ní Caracas, abala méjì náà ló fi parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìṣirò Lágbájá ni, kí ni Ali ń wá lọ sí Kinshasa, ní Kóńgò, láti bá Foreman jà? Síbẹ̀, lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Ali na Foreman lulẹ̀ ní abala kẹjọ.

Bí oníkálukú wọn ṣe ń jà ló fà á. Frazier máa ń tẹ̀ba, á máa mirí sọ́tùn-ún sósì, á sì máa sún mọ́ ẹni tó ń bá jà tímọ́tímọ́. Ìyẹn ló fi ń bọ́ sábẹ́ ẹ̀ṣẹ́ gígùn Ali tó sì ń fi ọwọ́ òsì gbá a. Àmọ́ lọ́dọ̀ Foreman, ṣe ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí lọ síbi tí ewu wà. Foreman á tì í sẹ́yìn, á fún un láyè díẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ á sì ti ìsàlẹ̀ gòkè wá bá àgbọ̀n rẹ̀. Norton ní tiẹ̀, ìgbà tó bá ń lé èèyàn bọ̀ ló mọ ìjà jà. Ali máa ń fà sẹ́yìn, ìyẹn sì bá a lára mu. Foreman kò fà sẹ́yìn fún un rárá.

Ní Kinshasa, Ali kò tẹ̀ba, kò sì jókòó sójú kan láàárín ríìngì. Ó fara ti okùn, ó fi apá bo orí àti ìhà, ó ń dì mọ́ Foreman lọ́rùn, ó ń jẹ́ kó máa ju ẹ̀ṣẹ́ tí ń tán okun ẹni. Láti ìgbà tí Foreman ti gba bẹ́líìtì ọ̀gá àgbáyé, kò sí ìjà rẹ̀ kan tó kọjá abala méjì. Nígbà tó fi máa di abala karùn-ún, apá rẹ̀ ti wúwo.

Ìjà mẹ́ta kan tún wà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Thomas Hearns lu Roberto Duran dákú ní abala kejì lọ́dún 1984. Duran, tó ti pé ọmọ ọdún 37, na Iran Barkley lọ́dún 1989. Àmọ́ Barkley yìí ti lu Hearns dákú ní abala kẹta lọ́dún 1988, bẹ́ẹ̀ Hearns ló ń nà án bọ̀ kí ẹ̀ṣẹ́ kan tó bá a. Ta wá ni ọ̀gá nínú wọn? Ẹ kà á títí, ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí. Foreman náà wà nínú irú òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀: Evander Holyfield nà án lọ́dún 1991, Michael Moorer na Holyfield lóṣù Kẹrin ọdún 1994, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá, Foreman ọmọ ọdún 45 lu Moorer dákú.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Tyson àti Ali. Wọ́n á ní Tyson na Larry Holmes ní abala kẹrin lọ́dún 1988, Holmes sì ti na Ali lọ́dún 1980, ó parí. Ọmọ ọdún 38 ni Ali lọ́jọ́ tí Holmes nà án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, kóòṣì rẹ̀ ló dá ìjà dúró lẹ́yìn abala kẹwàá. Ọmọ ọdún 38 náà ni Holmes lọ́jọ́ tí Tyson nà án, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tó ti jà gbẹ̀yìn. Ali tí wọ́n ń fi díwọ̀n yẹn kọ́ ni Ali ọdún 1966, nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì pé.

Wọ́n ti gbé irú àríyànjiyàn yìí fún kọ̀ǹpútà rí. Lọ́dún 1969, wọ́n kó Ali àti Rocky Marciano, ọ̀gá abẹ̀ṣẹ́ àtijọ́ kan, jọ, wọ́n ya fíìmù ìjà wọn, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò ẹni tó máa borí. Ní Amẹ́ríkà, Marciano ló lu Ali dákú ní abala kẹtàlá. Nínú èyí tí wọ́n fi hàn ní Yúróòpù, Ali ló borí.

Bí mo bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ lọ́kàn mi, Foreman ọdún 1973 àti Tyson ọdún 1988 ni mo máa ń kó pọ̀. Tyson kò ga, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹni tó ń bá jà kó tó lè ṣọṣẹ́, ọ̀nà tí Frazier gbà nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ Tyson yá ju ti Frazier lọ, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ló sì ń gbé èèyàn ṣubú. Tó bá la abala mẹ́ta àkọ́kọ́ já, òun ni mo fún. Ẹ̀rù abala kìíní ló ń bà mí fún un, nígbà tí Foreman bá nawọ́ tì í sẹ́yìn díẹ̀.