Ògiri Tí Mo Sanwó Wò

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ tí ẹ fi ń fín igbá yẹn sílẹ̀ kí n tó sọ iye tí mo san. Pọ́n-ùn 15. Ìyá mi, ẹ má bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà o, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò gba ìyẹn.

Ògiri ni mo sanwó wò, ní Brick Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọkùnrin òyìnbó kan kó wa sẹ́yìn bí òròmọdìyẹ, ó ń nawọ́ sí àwòrán tí wọ́n yà sára ògiri, àwa ń ya fọ́tò. Èmi tí ẹ nà bí ẹní na bàrà nítorí mo fi èédú ya ẹṣin sára ògiri yàrá yín! Bẹ́ẹ̀ igbá tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta fín, wọ́n á máa ná an ní Àkẹ̀sán bí ẹní ná tòmátò.

Ẹyẹ kan wà lára ògiri ní Hanbury Street, ó ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa lọ, ọrùn gbọọrọ. Òyìnbó wa ń ṣàlàyé. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Lékeléke ni mo rí. Kí n tó mọ̀, mo ti na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní èékánná funfun. Ará Jámánì tó dúró tì mí náà na tirẹ̀. Ó rò pé ó wà nínú owó tá a san.

Àwọn ará Bangladesh ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń pe oníbàárà síbi oúnjẹ wọn, agbèrò Ọ̀wọ́dẹ ò tó wọn. Orúkọ títì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún wà ní èdè tiwọn. Ó ká mi lára! A kún Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, bí èèrà inú ṣúgà, mi ò tíì rí títì kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Bóyá wọ́n ń dúró kí á jà parí lórí ibi tí àmì ohùn máa wà.

Ilé ìsìn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1743. Àwọn ará Faransé tó sá nítorí ẹ̀sìn ló kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, àwọn Júù sọ ọ́ di sínágọ́gù, ní 1976 ó di mọ́sálásí. Gbogbo àwọn tá a jọ ń rìn la ẹnu. Èmi yán. Nínú agboolé yìí, Bàbá ń lọ Jímọ̀ọ̀, Ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Kékeré ń bọ Ṣàngó, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà lẹ jọ ń ṣí wò.

Òyìnbó wá bi mí bóyá àwa náà ń ṣe nǹkan sára ògiri nílé. Mo ní a ń kọ̀wé sí i dáadáa. “Ilé yìí kì í ṣe títà.” “Má tọ̀ síbí.” Ó ní kí lorúkọ ayàwòrán náà. Mo ní Onílé.

Ẹ wo fọ́tò ọ̀hún. Ògiri aláwọ̀ mèremère, àbí? Kí lẹ wí, Ìyá mi? Níbo? Ní kọ̀rọ̀ yẹn?

Ọkùnrin tó kẹ̀yìn sí wa…

Háà. Mi ò rí i lọ́jọ́ yẹn. Bàbá, ẹ yéé rẹ́rìn-ín, owó mi ni.