Ojú Àlejò La Ti Ń Jẹ Gbèsè: Bí Oúnjẹ Onílé Kò Bá Bá Ẹnu Wa Mu

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé onílé ni òwe yìí ń bá wí, pé kó má ná ju agbára rẹ̀ lọ nítorí àlejò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlejò náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ìpín ọ̀hún ló sì wúwo jù lójú tiwa. Àwo ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbé síwájú yín, tí ẹran ń yọrí nínú rẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ pé àwìn ni wọ́n sáré lọ gbà lọ́wọ́ alápatà, nígbà tí ẹ ṣì ń bá bàbá ilé sọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọkọ̀. Ọmọ tí wọ́n rán gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ẹ ò rí i. Ahọ́n lẹ fi ń tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Àpò ni onílé ti fi tọ́ ọ wò ṣáájú yín. Ìdí nìyí tí "mi ò lè jẹ èyí" fi máa ń dun onílé ju bí ẹni tó sọ ọ́ ti rò lọ.

Owó nìkan sì kọ́. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ nílẹ̀ wa, ọ̀kan nínú ohun méjì ni wọ́n máa ń kà sí i lọ́rùn: ó fojú tín-ín-rín wọn, tàbí ó ń fura sí wọn. Èyí kejì ló burú jù. Ìbẹ̀rù májèlé ti wà láti ayébáyé, òun ló sì fà á tí onílé fi máa ń kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò kó tó gbé e fún àlejò. Wọn kì í sọ ìfura yìí síta. Àlejò á ní òun ti yó, ìyá ilé á ní kò burú, á gbé àwo rẹ̀ wọlé. Ó di ìdí àdògán kó tó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kí ló rò pé mo fi sí i?" Gbogbo ọgbọ́n tí ẹni tí oúnjẹ kò bá lẹ́nu mu ní láti dá kò ju kí ó mú èrò méjèèjì yìí kúrò lọ́kàn wọn lọ.

Omi ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gba omi tí wọ́n bá gbé wá, kẹ́ ẹ sì mu ún lójú wọn, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta péré lẹ gbé e kan ẹnu. Ẹni tó mu omi nílé ènìyàn ti fi hàn pé ọkàn òun balẹ̀ níbẹ̀. Bó bá wá kọ oúnjẹ lẹ́yìn náà, oúnjẹ ló kọ̀. Ẹni tó kọ omi, tó tún kọ oúnjẹ, onílé ló kọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn omi, kẹ́ ẹ mọ irú ìdí tẹ́ ẹ ní, torí bí a ṣe ń sọ ọ́ kò rí bákan náà. Ohun tí ara kò gbà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí edé máa ń mú ètè rẹ̀ wú, tí ọ̀fun rẹ̀ á sì máa fún, kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan kan ẹnu nítorí pé ojú ń tì í. Kó má sì fi ojú wá a nínú àwo, torí edé tó ń ṣeni léṣe kì í sábà hàn: lílọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ sínú mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹ̀gúsí. Ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹ lọ edé sí i?" Ẹ tún béèrè bóyá ìgbakọ tí wọ́n fi ro ọbẹ̀ elédé ni wọ́n fi bu tiyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà máa ń fara pamọ́ sínú ata tí wọ́n ń wọ́n sí sùyà. Ẹni tó bá sì dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, tó rí àkàrà wa tí wọ́n ń pè ní acarajé níbẹ̀, kó rántí pé edé gbígbẹ sábà máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀, bó ti wù kó jọ àkàrà ilé tó. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń ṣọ́ iyọ̀, alátọ̀gbẹ, àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tí ata máa ń ta, kí wọ́n sọ tiwọn láì fi igbá kan bọ̀kan nínú.

Èèwọ̀ rọrùn jù ú lọ. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. "Èèwọ̀ ni fún mi" ti tó, kò sí Yorùbá tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tí yóò tún máa rọ̀ yín. Ẹ má kàn fi parọ́. Ẹni tó sọ ewúro di èèwọ̀ nítorí pé ó korò, ọjọ́ tí wọ́n bá bá a nídìí ewúro níbòmíràn, wọn kò ní gba èèwọ̀ tòótọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ara àti èèwọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ kí ìkòkò tó kaná. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe wàhálà ẹja o, ara mi kì í gbà á. Ẹyin náà ti tó mi." Ẹ rí i pé gbólóhùn náà sọ ohun tí ẹ kì í jẹ, ó sì tún sọ ohun tí ẹ lè jẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń gba onílé lọ́wọ́ ìdààmú.

Èyí tó ṣòro ni ti ìfẹ́ inú lásán. Fùfú ń rùn sí ẹlòmíràn. Ìkọ́kọrẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú ń yọ̀ lẹ́nu ẹni tí iyán Èkìtì ti mọ́ lára. Ẹni tí kò rí ọbẹ̀ marúgbó Oǹdó rí á wo bó ti dúdú, á bojú wẹ̀yìn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè bá ìyá àgbà rẹ̀ nílé, kí irú sì lé e kúrò nídìí ẹ̀fọ́. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, ahọ́n kálukú ló ní ohun tó bá a dàgbà. Ṣùgbọ́n irú ìdí yìí kò ṣeé sọ lẹ́nu rárá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Kí lẹ fi sí i tó ń rùn báyìí?" ti ba àjọṣe ìdílé sí ìdílé jẹ́ rí, pàápàá lẹ́nu ìyàwó tuntun nílé àna.

Ọwọ́ la fi ń ṣe é. Ìgbà tó dára jù láti gba oúnjẹ díẹ̀ ni ìgbà tí ìgbakọ kò tíì kan àwo: "Ẹ bá mi bù ú níwọ̀nba o, ẹyọ kan tó mi." Tí wọ́n bá ti bù ú kún kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ má ṣe tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ tọrọ àwo mìíràn àti ṣíbí tó mọ́, kẹ́ ẹ bu ìdajì kúrò níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ kò kàn ṣì lè padà sínú ìkòkò. Ọbẹ̀ tí òkèlè ti wọ̀ kì í pẹ́ kan, bó bá fi máa di òwúrọ̀, kò ní ṣeé jẹ mọ́, owó onílé ti gbé nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àlejò tó mọ ìwà hù àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n hù, lójú àwọn ìyá wa, inú ìṣẹ́jú kékeré yẹn ló wà.

Bí ẹ bá ti wá bẹ̀rẹ̀, ẹ gé òkèlè kékeré láti etí, kẹ́ ẹ máa tọ ọbẹ̀ níbi tó súnmọ́ yín. Bí òórùn ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, torí ooru ló ń gbé òórùn irú àti fùfú sókè. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kí àwọn ará ilé. Bí ata bá ta jù, omi kọ́ ni kẹ́ ẹ sáré sí. Ohun tó ń ta nínú ata kì í yòrò nínú omi, ńṣe ni omi ń gbé e káàkiri ẹnu. Òkèlè lásán, ẹ̀kọ, tàbí wàrà ló ń rọ̀ ọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí òkèlè tóbi díẹ̀ sí i, kí ọbẹ̀ ara rẹ̀ sì kéré. Ẹ má fi imú gbọ́ oúnjẹ, ẹ má fìka tú ọbẹ̀ wò bí ẹni ń wá nǹkan, ẹ má sì béèrè iyọ̀ nígbà tí ẹ kò tíì tọ́ ọ wò. Èyí tó burú jù lọ ni kẹ́ ẹ jẹ gbogbo ẹran, kẹ́ ẹ fi àmàlà sílẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ oúnjẹ kan, kó fi ẹran náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó kéré tán ìdajì.

Nípa èyí tó ṣẹ́kù, àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láyé ìgbà tí wọ́n ń sọ òwe yìí, ọmọdé ilé ló ń dúró de àṣẹ́kù àlejò, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀ nílé púpọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ohun tó kù ṣeé jẹ fún ẹlòmíràn. Ẹ má da ọbẹ̀ lé òkèlè tí ẹ kò ní jẹ, ẹ jẹ́ kí eegun wà ní ẹ̀gbẹ́ àwo, ẹ má sì fọwọ́ sínú àwo tí ẹ jẹun nínú rẹ̀, bó ti wù kí abọ́ ìfọwọ́ jìnnà tó. Mo rí i pé èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbàgbé jù.

Nígbà tí ẹ bá dìde, "mo yó, ẹ kú ìdáná" ti tó. Ẹ má sọ pé ọbẹ̀ dùn bí kò bá dùn mọ́ yín. Irọ́ náà ní owó orí: ìyá ilé á fi sọ́kàn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà wá, òun náà ni yóò sè dè yín, yóò sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òótọ́ kan máa ń wà tó ṣeé yìn. Iyán náà lè máà ní kókó rárá, ẹran lè rọ̀, ó lè jẹ́ pé òjò ń rọ̀ tí wọ́n ṣì dáná. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ sọ, kẹ́ ẹ sì fi àdúrà tì í, pé ibi tó ti wá kò ní gbẹ.

Onílé náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀, ìyẹn ni pé kí a wo àlejò kí a tó mọ ohun tí a ó gbé fún un. Bíbéèrè ohun tí wọ́n ń jẹ kò dín iyì kankan kù. Bí àlejò bá sì ti sọ ní ẹ̀ẹ̀mejì pé ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tó. Kò sí ìkẹ́ nínú kíki oúnjẹ bọ ènìyàn lẹ́nu.

Ọmọdé, ilé la ti ń kọ́ wọn. Kí wọ́n mọ̀ pé "mi ò fẹ́" kì í jáde níwájú onílé, etí ìyá ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ní ń bá àgbà jẹun.

Bí ẹ bá sì ti jáde níbẹ̀, ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ohun tí a jẹ tí kò dùn nílé ẹnìkan kì í ṣe ìtàn tí a ń sọ nílé kejì, kì í sì ṣe àwòrán tí a ń gbé sórí WhatsApp. Bí wọ́n bá di oúnjẹ fún yín pé kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹ má dà á sí gọ́tà ìwájú ilé wọn, ọmọ tó sìn yín dé ìta ń wò yín. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ fọ abọ́ náà mọ́, kẹ́ ẹ sì dá a padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.